Aṣọ Ìpọ̀nmọ Kò Bo Ẹsẹ̀ Níyì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, tẹ́ ẹ ń bẹ Ọlọ́run láràárọ̀ pé kó má jẹ́ kẹ́ ẹ fojú sunkún ọmọ, ẹ jókòó dáadáa kẹ́ ẹ tó ka èyí. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ kì í gbé fóònù sílẹ̀, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ní kí n má dárúkọ òun, nítorí náà n ó máa pè é ní Ṣìmí. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Ìpọ̀nrí, iṣẹ́ kámẹ́rà ló sì ń ṣe. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lónìí, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni pé ìbọ̀sẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nínú ooru Èkó yìí. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Wọn ò mọ ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Níyì. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí, bàbá wọn sì ti kú tipẹ́. Fòníkú-fọ̀ládìde ló ń bá Níyì jà láti kékeré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ àìsàn yẹn mọ̀ pé òtútù kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí òtútù bá ti kọ lu Níyì lẹ́sẹ̀, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á máa ké títí wọ́n á fi gbé e dé ọsibítù Ìdí-Àràbà.

Nítorí èyí, bí ìyá wọn bá ti jí, ibi ẹsẹ̀ Níyì ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí aṣọ bá ti ṣí níbẹ̀, á fà á bò ó, á ní, "Níyì, ẹsẹ̀ ẹ ṣí sílẹ̀," á sì bá tiẹ̀ lọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Mama, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kì í ṣe aláriwo. Níyì di géńdé, ó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọlé, síbẹ̀ Mama ò yéé bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, Níyì wọ ọsibítù, kò sì padà wálé.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ dé sàárè, a kì í sì í jẹ́ kó mọ ibi tí a sin ín sí. Bàbá Oyèníran, àbúrò bàbá wọn, ló dúró ti gbogbo ètò. Ó pe ẹbí jọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá jẹ́ kí ìyá yìí mọ ibi tá a gbé ọmọ ẹ̀ sí, òun ló pa á o. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, sà."

"Ṣìmí, ìwọ ńkọ́?"

"Mo gbọ́, Dádì."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ẹ́ máa lọ, Mama pe Ṣìmí wọ yàrá. Ó fa aṣọ kan yọ nísàlẹ̀ àpótí, àdìrẹ tó ti ṣá, tó ti fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ.

"Aṣọ tí mo fi pọ̀n ọ́n nìyí. Mi ò lè bá yín lọ, o mọ̀. Bá mi fi bò ó. Bo ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa, òtútù ò kí ń jẹ́ kó gbádùn."

"Mo gbọ́, Mọ́mì."

"Ìwọ ni mo rán o. Má fi rán ẹlòmíì."

"Èmi náà ni màá ṣe é."

Ìtẹ́ òkú Àtàn ní Yaba ni wọ́n gbé Níyì lọ. Oòrùn ọ̀sán ń ràn ganrínganrín. Kámẹ́rà kékeré kan wà lọ́rùn Ṣìmí, nítorí obìnrin òyìnbó tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé kó má bọ́ ọ lọ́rùn láéláé. Gertrude lorúkọ obìnrin náà. Ọmọ Jámánì ni, irun orí rẹ̀ ti funfun, ó sì ń ya fíìmù kan nípa ilẹ̀ Yaba, Mushin àti Surulere, fíìmù tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣìmí ní òun ò mọ ìgbà tí òun gbé kámẹ́rà náà sójú. Ó ní bí òun ṣe ń wò ó láti inú dígí kékeré yẹn, ó dà bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sin. Ẹkún ò wá.

Nígbà tí wọ́n ṣí pósí kí wọ́n tó dé e pa, ó fi ọwọ́ òsì na aṣọ ìpọ̀nmọ náà sí Bàbá Oyèníran. Bàbá tẹ́ ẹ lé Níyì láyà. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni, ẹ rántí. Ó dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ó pin síbẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà níta, láìní ìbọ̀sẹ̀, nínú oòrùn.

Kóòtù wà lọ́rùn Níyì, àyà rẹ̀ ò nílò aṣọ. Ìṣísẹ̀ kan péré ni Ṣìmí ìbá gbé, kó fa aṣọ náà wálẹ̀. Kò gbé e. Oòrùn ń tàn lára ẹsẹ̀ náà lọ́nà kan tó mú un lójú, ó sì jẹ́ kí kámẹ́rà dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi gbé ìdérí pósí lé e.

Nígbà tó délé, Mama ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"O bò ó?"

"Mo bò ó, Mọ́mì."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó bo ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa."

Mama mí kanlẹ̀. Ó wọlé, ó sì sùn, ìyẹn oorun tó ti kọ̀ láti sùn láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti wọ ọsibítù. Orí irọ́ ọmọ rẹ̀ ló sùn lé. Ọdún kan gbáko ló sì fi ń sùn lé e.

Àwọn ará ilé tó ti ń pè é ní Ìyá Níyì gbé orúkọ náà mì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ṣìmí, ó sì ń dáhùn. Lọ́jọọ́jọ́ ìsinmi tí wọ́n bá ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Yaba, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri Àtàn kọjá. Mama á máa tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ṣìmí á máa wo òdìkejì títí wọ́n á fi kọjá.

Ó yẹ kó pa àwòrán yẹn rẹ́. Kò pa á rẹ́. Ìgbà tó ń kó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà fún Gertrude, àwòrán Níyì bá a lọ. Ṣìmí sọ pé òun gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Èmi bi í pé ṣé lóòótọ́ ló gbàgbé? Ó fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè.

Lọ́jọ́ kejì, Gertrude pè é jókòó.

"Ta ni èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, òyìnbó náà ò fipá mú un.

Ó ní, "Bí o bá ní kí n pa á rẹ́, màá pa á rẹ́ báyìí, ojú ẹ ló máa ṣe. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tá a ti yà, kò sí èyí tó tó o. Bí o bá fún mi, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mi lo jẹ́ mọ́. Orúkọ rẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi."

Ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ tó bú Ṣìmí. Ìgbéyàwó ọlọ́mọ ló ti ń yà láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kì í pè é lórúkọ níbẹ̀. "Kámẹ́rà, yí síbí! Kámẹ́rà, kúrò níwájú àlejò!" Orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn. Ẹnì kan wá ní òun á kọ Ṣìmí gàdàgbà sára ògiri, káwọn ará ìlú òkèèrè máa kà á.

Ó bi Gertrude pé, "Ta ló máa wò ó?"

"Àwọn tó ń wá síbí náà ni."

Ìdáhùn yẹn ló pa á. Gertrude ní ilé àtijọ́ kan ní Yaba tó ti ń fi fíìmù han àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Àwọn ará ẹ́ḿbásì, àwọn tíṣà ilé ìwé ọlọ́lá àtàwọn tó wá ṣe kọ́ńtíráàtì ni. Wọ́n á wá láti Ìkòyí nínú mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ dúdú, wọ́n á fín oògùn ẹ̀fọn sára, wọ́n á mu wáìnì díẹ̀díẹ̀. Fíìmù tí wọ́n ń wò, ìwọ tó o bá jókòó tì í, wàá rò pé iná ti lọ. Kámẹ́rà á dúró lójú kan, á máa wo garawa omi bí ẹni pé garawa náà fẹ́ẹ́ jẹ́wọ́. Wọn ò sì ní wúkọ́ pàápàá, àfi ìgbà tó bá parí, tí wọ́n á pàtẹ́wọ́, tí kálukú á gba ọ̀nà afárá lọ.

Ṣìmí rò ó pé: ta ni yóò ti Ìpọ̀nrí wá wo irú èyí? Mama kẹ̀? Ó ní, "Ẹ máa lò ó."

Nígbà tí ọjọ́ pé tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi fíìmù náà hàn, wọ́n fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sórí fóònù. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò lè pa á mọ́ra, ó gbé e sórí Wasáàpù rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ Mama kó má lè rí i, ó tì í mọ́ Bàbá Oyèníran, ó tì í mọ́ gbogbo ẹbí. Ẹni tó gbàgbé ni Àmínát.

Nọ́ọ̀sì ni Àmínát, òun àti wọn jọ ń gbé inú ọgbà kan náà. Òun ló tọ́jú Níyì ní Ìdí-Àràbà, Mama sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Bó ṣe rí orúkọ Ṣìmí, inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ó rò pé ohun tó máa mú Mama rẹ́rìn-ín nìyí, lẹ́yìn gbogbo ojú tó ti rí.

Mama ti gbọ́ fìrí pé fíìmù kan wà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó bi Ṣìmí, "Ṣé èmi ò lè wá ni?"

"Ẹ̀ẹ̀, Mọ́mì, fíìmù òyìnbó ni jàre. Garawa àti omi. Ó máa sú yín."

"Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò? Kí ló tún kù tó máa sú mi?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣìmí jáde, kò sì mọ̀ pé Àmínát ti ṣèlérí fún Mama pé òun á mú un lọ, pé Mama ti ró aṣọ mọ́ra lọ́kàn.

Gbọ̀ngàn kún ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ọkùnrin kan jókòó ní ìlà iwájú tó wá láti ìlú òkèèrè. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣa fíìmù fún àjọ̀dún ńlá kan lọ́hùn-ún. Gertrude ti sọ ọ́ sí Ṣìmí létí pé bí ó bá wu ọkùnrin yẹn, àwọn méjèèjì á jọ wọ bàálù. Ṣìmí dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jude tó ń darí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri.

Fíìmù ti ń lọ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin méjì wọlé. Ṣìmí kọ́kọ́ rí híjáàbù Àmínát. Lẹ́yìn náà ló rí gèlè aláwọ̀ èsè àlùkò, èyí tí Mama ń wé sí ìkórè.

Àmínát juwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Mama náà juwọ́. Ó jókòó sí àga tó wà létí ọ̀nà, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi sójú.

Garawa ló wà lára ògiri nígbà yẹn. Ṣìmí mọ ohun tó tẹ̀lé garawa.

"Jude, pa á."

"Kí ni?"

"Pa ẹ̀rọ yẹn. Jọ̀ọ́."

"Abẹ̀g, ṣé orí ẹ pé? Bàbá yẹn wà níwájú. Gertrude á pa mí!"

Wáyà ẹ̀rọ náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Ṣìmí. Kó fẹsẹ̀ fà á ni, gbọ̀ngàn á ṣókùnkùn, wọ́n á ní iná ló lọ. Ta ló máa bi í, nínú Èkó yìí? Ó wo wáyà náà. Ó wo ẹ̀yìn orí ọkùnrin iwájú yẹn, ó rí i pé ó ti tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Ó wá ń sọ fún ara rẹ̀ pé ojú Níyì ò hàn nínú àwòrán náà. Pé awò ojú Mama ti pẹ́. Pé bóyá Mama ò ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyá wo ni kò ní mọ̀ ọ́n?

Ògiri Àtàn kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì pupa àti funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí Mama ń rí lọ́jọọ́jọ́ ìsinmi nínú kẹ̀kẹ́. Fìlà Bàbá Oyèníran tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni àdìrẹ tó ti ṣá. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ méjì, tó tóbi tó ilẹ̀kùn lára ògiri, tí wọn ò rí nǹkan fi bò. Àwòrán náà ò kúrò. Òun ni ọkàn fíìmù náà, bí Gertrude ṣe máa ń wí.

Mama dìde.

"Mọ́mì, níbo lẹ̀ ń lọ?" Àmínát ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mọ́mì, ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó gba àárín àga lọ sí iwájú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó bó ṣe ń kọjá. Ó dé ibi ògiri. Òjìji rẹ̀ bo ẹsẹ̀ kan, ìkejì sì wà níta. Ó na ọwọ́ sí etí aṣọ ìpọ̀nmọ tó wà nínú àwòrán, ó fẹ́ẹ́ fà á wálẹ̀. Ó fà á. Ó tún fà á.

"Níyì, ẹsẹ̀ ẹ ṣí sílẹ̀."

Kò ké. Ohùn tó fi ń sọ ọ́ láràárọ̀ ló fi sọ ọ́. Ó wá tú ìborùn èjìká rẹ̀, ó nà án mọ́ ògiri pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kó lè bo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kúrò lára ògiri, ó hàn lára ìborùn.

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. Ẹlòmíràn dá sí i, ó di ariwo, ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù sókè. Gertrude ló kọ́kọ́ yé. Ó pariwo orúkọ Jude, Jude sì fa wáyà tí Ṣìmí kò lè fà.

Wọ́n tan iná. Mama yíjú padà, ìborùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ojú ọmọ rẹ̀ láàárín èrò, ó rí i.

"Ìwọ lo ya èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Ibi tí kámẹ́rà wà, ibẹ̀ lo wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O rí ẹsẹ̀ ẹ̀?"

Ṣìmí tẹjú mọ́ ìborùn tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Mo ní, ṣé o rí ẹsẹ̀ ẹ̀?"

"Mo rí i, Mọ́mì."

"Kí ló wá dé tí o ò bò ó?"

Ó ń retí ìdáhùn ni, gẹ́gẹ́ bí tíṣà. Ṣìmí wólẹ̀ síbẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ẹkún tí kò sun ní Àtàn wá bá a lójijì. Àmínát náà ń sunkún, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó foríjì òun, òun tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mama nìkan ni ojú rẹ̀ gbẹ.

Gertrude gé àwòrán náà kúrò, ó sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Fíìmù náà lọ sókè òkun láìsí i. Ṣìmí ní kí wọ́n yọ orúkọ òun náà, wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú Mama ńkọ́? Ta ló máa gé e kúrò níbẹ̀?

Bàbá Oyèníran wá, kò jókòó, kò mu omi. Ó ní, "Gbogbo ẹbí gbé e pa mọ́ fún ìyá yìí. Ìwọ gbé e fún òyìnbó, òyìnbó gbé e padà fún un." Ó fẹ́ẹ́ lé Ṣìmí jáde nílé. Mama ló dá a dúró. "Ẹ fi í sílẹ̀. Òun nìkan ló kù mí kù."

Ní báyìí, bí kẹ̀kẹ́ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ Àtàn kọjá, Mama kì í tún gèlè ṣe mọ́. Á kọjú sí ògiri náà, á máa wò ó títí wọ́n á fi kọjá. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó ní, "Òtútù á ti pọ̀ níbẹ̀."

Ṣìmí ní kí n bá òun sọ ọ́ fún yín: bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ síbi òkú, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ gbé kámẹ́rà kúrò lójú, kẹ́ ẹ lo ọwọ́ yín. Àwòrán tó dára ò níye, òkú ẹni kì í sì í kú lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ lè tún un ṣe.

Mo bi í pé, ìbọ̀sẹ̀ yẹn ńkọ́?

Ó ní láti ọjọ́ fíìmù yẹn, bí òun bá ti jí láàárọ̀, òun á bá aṣọ lẹ́sẹ̀ òun, tí wọ́n fà bò ó dáadáa, tí wọ́n sì ká etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní. Ó mọ ẹni tó ń ṣe é. Ojú tì í. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí Mama lè rí i pé ẹsẹ̀ òun ti móoru, kó má baà ṣe wàhálà mọ́. Aṣọ náà ò yéé wà lórí ìbọ̀sẹ̀.

Láàárọ̀ kan, ó ti jí kí Mama tó dé, ó sì díjú. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Mama nílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lára nígbà tó fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ òun, tó fa aṣọ náà wálẹ̀, tó rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Mama rọra bi í pé, "Níyì, ṣé ó ti bo ẹsẹ̀ ẹ báyìí?"

Ṣìmí ò la ojú. Ó ní, "Ó ti bò ó dáadáa, Mọ́mì."